Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Àrùn Lórúkọ

Àwọn Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ènìyàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí a bí ní àkókò ọdún a máa jẹ́ Abíọ́dún. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Èyí tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni a ń fi Málọmọ́ tàbí Dúrójayé bẹ̀. Kò sí èyí tí a kàn ṣàdédé fún ọmọ nínú wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé àrùn náà ní orúkọ, àti pé bí orúkọ ti ń ro ọmọ ni orúkọ àrùn ń ro aláìsàn. Orúkọ tí a bá pe àìsàn ni yóò sọ fún ẹni tí ó ń ṣe bóyá kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn ni tàbí kí ó jókòó sílé, bóyá kí ó lo oògùn ni tàbí kí ó máa wá ọ̀tá rẹ̀ kiri, bóyá kí ó sọ fún ará ilé ni tàbí kí ó fi í pamọ́ títí yóò fi pa á.

Ìtàn obìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Ìkòròdú yóò fi èyí hàn.

Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹja ni ó ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja ọ̀sà sílẹ̀ láràárọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Màmá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú. Bí orí ṣe ń fọ́ ọ léraléra ni wọ́n bá ní kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí náà ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní ọdún karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ni ó tẹ̀ lé e lọ.

Dókítà tí ó dá wọn lóhùn jẹ́ agùnbánirọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó fi ẹ̀rọ wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ ìyá náà fi ń sáré nínú iṣan, ó rí i pé ó ga púpọ̀, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àìsàn náà kì í ṣe èyí tí ń lọ bọ̀rọ̀. Ó ní oògùn tí òun fẹ́ fún un kò lè fa àìsàn náà tu, ṣùgbọ́n ó lè ká a lọ́wọ́ kò. Ó ní ojoojúmọ́ ni ìyá náà yóò máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ara rẹ̀ ìbáà le bí òkúta. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọmọbìnrin náà pé kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ àgbà.

Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá. Ó tilẹ̀ ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè ṣàlàyé àrànmọ́ àti ìpajẹ láìṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n níwájú dókítà, ọ̀rọ̀ wọ́n ọn lẹ́nu. Ohun tí ó rí sọ ni pé:

"Màmá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Wọ́n ní kí ẹ máa lo oògùn yìí, ara yín á yá."

Ìyá náà bi í pé, "Ṣé yóò wò mí sàn?"

Ọmọ náà dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ṣàdúrà fún dókítà, wọ́n sì gba ilé lọ.

Oògùn oṣù kan ni wọ́n fún un. Ó lò ó láìjẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, títí tí ó fi tán. Nígbà tí ó fi máa tán, ó ti padà sí Ẹ̀pẹ́, orí fífọ́ náà sì ti lọ. Lójú tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń ru ti rọlẹ̀. Wọ́n ní oògùn náà yóò wo òun sàn, ó sì ti wo òun sàn. Ta ni yóò tún máa náwó lé àìsàn tí ó ti lọ? Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ kan, ó fẹ́ gbé ife omi, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò lè gbé e. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ẹnìkan nínú agbo ilé wò ó, ó mi orí, ó ní, "Wọ́n ti fi nǹkan lu ìyá yìí." Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wá ẹni tí ó lù ú kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Orí bá a ṣe é, kò kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń ṣà ẹja kò padà sí bí ó ti wà.

Bí a bá ní kí a wá ẹni tí ó jẹ̀bi, a kò ní rí i. Dókítà sọ òtítọ́, kò sì kánjú. Ọmọ náà kò purọ́. Ó sọ ohun tí agbára ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbé. Ìyá náà náà kò ṣe agídí. Ó ṣe gẹ́lẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ti ní kí ó ṣe. Àárín ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni nǹkan ti bàjẹ́: ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn, àti ìwòsàn. Ó yẹ kí a tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó kọ́kọ́ wà. Kí ni Yorùbá ń sọ pé ó ń ru? Òkun a máa ru. Ibẹ̀ ni a ti rí ìrumi. Ìbínú a máa ru lọ́kàn ènìyàn. Ohun tí ó bá ń ru, ojú ń rí i tàbí kí ara máa mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tí ń ru tí kì í rọlẹ̀ nígbà tí ó bá yá. Nítorí náà, ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yóò dúró kí ó gbọ́ ọ nínú ara. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò gbà pé ó ti rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwà àìsàn yìí gan-an ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni àwọn dókítà ń wọ̀n. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 120 lórí 80, wọ́n á ní ó dára. Bí ó bá dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò yí padà, wọ́n á ní ó ti ga jù. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní 180 lè máa jó lóde àríyá láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ fún un.

Àwọn kan ti ń lo orúkọ mìíràn, èyíinì ni ìfúnpá gíga. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ìfúnpá. Oògùn tí àwọn ọkùnrin ń so mọ́ apá kí ó fún un pinpin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó tí dókítà di aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, tí aṣọ náà ń wú tí ó sì ń fún un, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ń tọ́ka sí wíwọ̀n. Kò ní kí aláìsàn máa fetí sí ara rẹ̀. Ó ní kí ó na apá kí a wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì ni oògùn. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò ju ohun tí dókítà ní lọ́kàn lọ. Àgúnmu jẹ́ oògùn, àgbo jẹ́ oògùn, ẹyọ oògùn òyìnbó jẹ́ oògùn. Oògùn ẹ̀fọn wà, oògùn eku wà, oògùn owó náà sì wà lẹ́nu àwọn tí ń wá a. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé oògùn tí ó bá dára ni ó ń jẹ́. Bí ó bá ti jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹni tí a sín gbẹ́rẹ́ fún kì í padà lọ ní ọjọ́ kejì pé kí wọ́n tún òmíràn sín. Lójú àgbàlagbà tí ó ti gbé pẹ̀lú ìtumọ̀ yìí láti kékeré, oògùn tí a óò máa lò títí ayé jẹ́ oògùn tí kò jẹ́. Bí a kò bá sọ ìyàtọ̀ náà fún un, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kẹta, ìwòsàn, ni ó ṣe ewu jù. A dá a láti ara wò àti sàn. Wíwò ni ti oníṣègùn: kí ó tọ́jú, kí ó ṣọ́, kí ó máa fojú sí i. Sísàn ni ti ara: kí àìsàn náà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àìsàn tí àwọn baba wa mọ̀, méjèèjì ń rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tí a ń wò tí kì í sàn, tí ẹni tí ó ní wọn sì lè dàgbà, kí ó gbó, kí ó tọ́, bí wíwò náà kò bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ọ̀kan, àtọ̀gbẹ jẹ́ ọ̀kan. Dókítà sọ̀rọ̀ wíwò. Ìyá náà gbọ́ sísàn. Ìdáhùn kan ṣoṣo, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni ó so méjèèjì pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè Yorùbá nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí ó ń sọ pé èdè wa kò gba ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í sábà tú àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó wò. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ibà ẹ̀fọn, malaria, wá láti èdè Ítálì, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni afẹ́fẹ́ búburú, nítorí wọ́n gbà pé òórùn àbàtà ni ó ń fà á. Ní ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ ní Àlùjéríà. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Gbogbo ayé ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe afẹ́fẹ́, síbẹ̀ orúkọ náà kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe abẹ́rẹ́ àjẹsára, vaccine, wá láti orúkọ tí èdè Látìn ń pe màlúù, nítorí pé láti ara àrùn màlúù ni Edward Jenner ti rí ààbò lọ́wọ́ ìgbóná ní ọdún 1796. Àjẹsára tiwa kò ní màlúù nínú. Ohun tí a jẹ sí ara kí ibi má baà ran ara ni. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ rí, ó sì bọ́ sí ipò tuntun rẹ̀ láìní wàhálà, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ náà ni ó ń ṣe níhìn-ín.

Àní àìsàn tí ó kọlu Màmá Ẹ̀pẹ́ pàápàá, stroke ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, lílù sì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọwọ́ Ọlọ́run ni àwọn òyìnbó àtijọ́ sọ pé ó lu ẹni náà. Àwọn ará Gíríìkì ṣáájú wọn náà fi ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ lílu ènìyàn bolẹ̀ pè é. Ẹni tí ó dúró nínú agbo ilé ní Ẹ̀pẹ́ tí ó ní wọ́n fi nǹkan lu ìyá náà kò ṣe ju ohun tí àwọn baba àwọn òyìnbó ṣe lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ òyìnbó òde òní ti gbàgbé ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, orúkọ lásán ni ó kù lójú rẹ̀. Tiwa ṣì ń sọ̀rọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gbà, sàn ju lílù lọ ní ti pé ohun tí ojú rí ni ó sọ: apá rọ, ẹsẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ó ti wá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ ni ó dí tàbí tí ó bẹ́, apá tí ọpọlọ ibẹ̀ ń darí ni ó sì ń dákẹ́. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, bí apá kan bá ṣàdédé kọ iṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá ṣàdédé lọ́, wákàtí ni à ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọjọ́. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi wá ọ̀tá ni ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà lọ.

Àwọn orúkọ wa mìíràn wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ibà pọ́njú ni a ń pe ibà tí ń sọ ojú di pípọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹ́lò, lè rò pé àwọn àgbà ṣì í. Wọn kò ṣì í. Dúdú, funfun àti pupa ni Yorùbá fi ń pín àwọ̀. Ohun tí ó bá pọ́n lè jẹ́ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní wá ojú tí ó ní ẹ̀jẹ̀ kiri nígbà tí ó yẹ kí ó wo ojú tí ó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àtọ̀gbẹ sọ pé ẹni náà ń tọ̀ títí ó fi ń gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà sọ pé adùn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀nà kan náà ni àwọn òyìnbó gbà: diabetes ní èdè Gíríìkì jẹ mọ́ ohun tí ń gba inú ara ṣàn kọjá, mellitus ní èdè Látìn sì jẹ mọ́ oyin. Ènìyàn dúdú àti ènìyàn funfun wo ohun kan náà, wọ́n sì sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti lè ṣini lọ́nà. Ẹni tí ó sanra yóò gbọ́ àtọ̀gbẹ, yóò wo ara rẹ̀, yóò ní òun kò gbẹ, kò lè jẹ́ òun. Ẹni tí ó gbọ́ ìtọ̀ ṣúgà yóò yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀ láàárọ̀, yóò sì jókòó ti òkìtì ẹ̀bà lálẹ́, láìmọ̀ pé gàrí náà yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Ṣúgà inú ìgò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí; èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Kòkòrò náà ń kọ́? Ọ̀rọ̀ kan yìí ni a fi ń pe tata, ohun tí ń jẹ àgbàdo, ohun tí ń jẹ eyín, àti àwọn ohun àìfojúrí tí ń fa àrùn. Anthony Buckley, ẹni tí ó kọ ìwé kan lórí ìṣègùn Yorùbá ní ọdún 1985, sọ nínú rẹ̀ pé lójú àwọn oníṣègùn tí òun bá sọ̀rọ̀, kòkòrò àti aràn ní ibùgbé tiwọn nínú ara, iṣẹ́ rere sì wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di àrùn. Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ohun tí sáyẹ́ǹsì òde òní ń sọ nípa àwọn ohun tín-ín-tín tí ń gbé inú ìfun. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni a fi ń pe bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Kápúsù tí ń pa bakitéríà kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tí a bá sọ fún pé kòkòrò ni ó fa ọ̀fìnkìn rẹ̀ yóò ra kápúsù, nítorí pé a ti sọ fún un ní ọjọ́ kan pé kápúsù ń pa kòkòrò.

Èyí tí ó burú jù lọ nínú gbogbo wọn ni kògbóògùn. Ní ọdún 1986 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní Éèdì ní Nàìjíríà. Nígbà náà kò sí oògùn tí ó lè ká a, nítorí náà a sọ ọ́ ní àrùn tí kò gbọ́ oògùn. Orúkọ náà tọ́ ní ọjọ́ tí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífún àwọn aláìsàn ní oògùn tí ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Ẹni tí ó ń lo oògùn náà déédéé báyìí lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn, ó lè bí ọmọ tí kò ní i, bí kòkòrò náà bá sì ti kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, kì í kó o ran ẹni tí ó bá bá lò pọ̀. Ní ọdún 2014, òfin jáde tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú wọn. Àrùn náà ti ń gbọ́ oògùn láti ọjọ́ yìí wá. Orúkọ rẹ̀ ni kò tí ì gbọ́. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá sọ fún lónìí pé kògbóògùn ni ó ń ṣe é, ìdájọ́ ikú ni a kà sí i létí. Kí ni yóò wá lọ gba oògùn fún? Ó dùn mọ́ni pé orúkọ mìíràn ti ń gbilẹ̀: kòkòrò apa-sójà-ara. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe, pé ó ń pa àwọn ohun tí ń gbèjà ara, ó sì lè béèrè bí a ṣe lè dáàbò bo àwọn sójà náà. Orúkọ kìíní ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Orúkọ kejì ṣí i sílẹ̀.

Iṣẹ́ lórí èdè-ìperí kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ jáde. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ náà dá lé, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó ti rí ìdúróṣinṣin. Láàárín ẹ̀wádún tí ó kọjá, Herbert Igboanusi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa èdè-ìperí jọ lórí HIV, Éèdì àti Ẹ̀bólà ní èdè Haúsá, Ígbò àti Yorùbá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin tí ó tẹ̀ lé Màmá Ẹ̀pẹ́ mọ àrànmọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ràn tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni iná fi ń ràn, òun náà sì ni àrùn fi ń ràn. Àwọn onímọ̀ èdè mú ọ̀rọ̀ láti ìdí àrùn lọ sí ìdí ìró. Kíláàsì kò mú ọmọ náà padà láti ìdí ìró sí ìdí àrùn. Bí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá lè jókòó pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú sáà, kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn mẹ́wàá sójú pátákó, kí wọ́n tú wọn, kí wọ́n bi àwọn ọmọ pé kí ni ẹni tí kò kàwé yóò ṣe bí ó bá gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọn yóò ti gba ẹ̀mí là. Nítorí pé ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, àti ní gbogbo ibi tí ìyá àgbà kò ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ògbufọ̀. Kò sí ẹni tí ó yàn wọ́n sípò náà, wọn kò sì gba owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni.

Nígbà ìsinmi àárín sáà tí ó tẹ̀ lé àìsàn náà, ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ àgbà jókòó sí ibi tí ojú wọn ti tó etí ọ̀sà. Apẹja kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi igbá gbọ́n omi jáde. Ọmọ náà wò ó títí, lẹ́yìn náà ni ó ní:

"Màmá, ọkọ̀ yẹn ń jò, àbí?"

"Ó ti pẹ́ tí ó ti ń jò. Ọkọ̀ àgbà ni."

"Ṣé omi tí wọ́n ń gbọ́n yẹn ń dí ibi tí ó ti ń jò ni?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Báwo ni gbígbọ́n ṣe máa dí ihò? Kó má baà rì ni wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn."

"Bí wọn ò bá gbọ́n ọn lónìí ńkọ́?"

"Ó lè má rì lónìí. Tó bá di ọ̀la, ọ̀tunla, wàá wá a tì."

Ọmọ náà ní, "Bí oògùn yẹn ṣe rí nìyẹn, Màmá. Kì í dí ihò. Igbá ni. Ẹ óò máa fi gbọ́n ọn lójoojúmọ́ ni, bí ẹ kò tilẹ̀ rí omi kankan nínú ọkọ̀."

Ìyá náà dákẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan, ó tún wo apẹja náà.

"Ó yé mi wàyí," ni ó wí. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ báyìí lọ́jọ́ náà?"

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oògùn kò tán lọ́wọ́ ìyá náà rí kí ó tó ra òmíràn. Àwọn ará ilé ti mọ ohun tí ó ń béèrè láràárọ̀ kí ó tó jáde lọ sí ọjà. Yóò jókòó, yóò gba ife omi pẹ̀lú ọwọ́ òsì, yóò sì ní, "Igbá mi dà?"